Samuel Johnson: Onígbèsè tí ó Kọ Ìwé Atúmọ̀-Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a fi èdè Faransé kàwé títí dé yunifásítì ni ó mọ ìyọnu kan tí ó wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ yóò kọ «pay» sí ojú pátákó, gbogbo kíláàsì á sì dáhùn pé sísan owó ni. Lẹ́yìn èyí, yóò fi ọ̀rọ̀ kékeré kan sí ìdí rẹ̀: «pay in», «pay out», «pay back», «pay off». Ibẹ̀ ni ojú ti ń dà rú. Èyí àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn san owó sí báńkì. Èyí èkejì ni kí ó kó owó jáde fún ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta ni kí ó dá owó tí ó yá padà. Ẹ̀kẹrin ni kí ó san gbèsè náà tán, tí kò fi ku kọ́bọ̀. Faransé ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn: «verser», «débourser», «rembourser», «solder». Gẹ̀ẹ́sì kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń lò, ohun tí ó wà ní ìdí rẹ̀ ni ó ń pààrọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan. Ẹni tí ó ń bá ará Nàìjíríà ṣòwò ní ẹnubodè, tàbí ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ kékeré yẹn gbọ́, àpò rẹ̀ ni yóò fi jìyà rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pe irú ọ̀rọ̀ báyìí ní «phrasal verb», orúkọ tí Logan Pearsall Smith gbé síta nínú ìwé rẹ̀ kan ní 1925. Nínú àròkọ yìí, n ó máa pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe onírù, nítorí pé ìrù ni ẹja fi ń darí ara rẹ̀ nínú omi. Bí ìrù bá yí sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ibẹ̀ náà ni ẹja ń lọ.

Ní 170 ọdún ṣáájú ìwé Smith, ọkùnrin kan ti rí ìyọnu tiwa yìí, ó sì ti jókòó tì í. Samuel Johnson ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe Àlùfáà Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá ni mo ń wí o. Orúkọ ni ó pa wọ́n pọ̀, a ó sì dé ọ̀dọ̀ tiwa kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí pé bí ó ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ owó nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń rí màbo lọ́wọ́ owó.

Ọmọ òǹtàwé

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1709 ni a bí Johnson ní Lichfield, ìlú kékeré kan ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Michael ni orúkọ bàbá rẹ̀, Sarah ni ti ìyá rẹ̀. Òǹtàwé ni bàbá. Ó mọ ìwé, àwọn ará ìlú sì bu ọlá fún un, ṣùgbọ́n òwò rẹ̀ kò gún. Ìwé kún ilé wọn, owó kò sí níbẹ̀.

Láti kékeré ni àìsàn kan tí ń mú kí ọrùn wú ti bá ọmọ náà jà. Ó fi àpá sí i lára, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa. Ìgbàgbọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ni pé bí ọba bá fọwọ́ kan ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe, yóò sàn. Ní 1712, ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí Lọ́ńdọ́nù, Ọbabìnrin Anne sì fọwọ́ kàn án. Àìsàn kò lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi wúrà pẹlẹbẹ kan kọ́ ọ lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Johnson kò bọ́ wúrà náà títí ó fi kú. Bí a bá wo bí owó ṣe ń yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́yìn náà, a lè sọ pé wúrà kan ṣoṣo tí ó bá a kalẹ́ nìyẹn.

Ní 1728, ó wọ Pembroke College ní Oxford. Ìwé tí ó ti kà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ya àwọn olùkọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ ti gbó débi pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọjú. Ẹnìkan tí àánú rẹ̀ ṣe gbé bàtà tuntun sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí Johnson rí i, ó fi ìbínú jù ú nù. Ó yá a lára kí ó máa wọ àkísà bàtà rẹ̀ lọ ju kí a ṣàánú òun ní ìkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn oṣù 13, owó tán, ó padà sílé láìgba oyè.

Bàbá rẹ̀ kú ní 1731. Pọ́ùn 20 péré ni ó kàn án nínú ogún. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ díẹ̀, kò pẹ́ níbẹ̀. Ní Birmingham ni ó ti ṣe iṣẹ́ kan tí ó kan àwa tí a gbọ́ Faransé. Àlùfáà ará Pọtogí kan, Jerónimo Lobo, ti kọ ìtàn ìrìnàjò rẹ̀ sí ilẹ̀ Etiópíà, ìwé náà sì ti wà ní Faransé. Láti inú Faransé yẹn ni Johnson ti tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà jáde ní 1735. Gíní 5 ni wọ́n fún un. Gíní kan jẹ́ pọ́ùn kan àti ṣílè kan.

Ní ọdún yẹn kan náà ni ó fẹ́ Elizabeth Porter, opó kan tí ó fi ogún ọdún jù ú lọ. Ìyàwó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, bí 600 pọ́ùn. Wọ́n fi lára rẹ̀ dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Edial, lẹ́bàá Lichfield. Akẹ́kọ̀ọ́ kò wá tó. Lára ìwọ̀nba tí ó wá ni David Garrick, ẹni tí ó di gbajúmọ̀ òṣèré lẹ́yìn náà. Ilé-ìwé náà kógbá sílé, owó ìyàwó sì bá a lọ. Ní 1737, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, Johnson àti Garrick, jọ forí lé Lọ́ńdọ́nù láti wá oúnjẹ òòjọ́.

Oúnjẹ láti inú kálàmù

Ní Lọ́ńdọ́nù, Johnson di akọ̀wé fún Edward Cave tí ó ni The Gentleman's Magazine. Ohunkóhun tí Cave bá fẹ́ ni ó ń kọ: ewì, ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn, ìròyìn ohun tí wọ́n sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Iṣẹ́ tí ó bá ṣe ni wọ́n ń sanwó fún, kò sí owó oṣù. Ewì rẹ̀ tí ó pè ní London jáde ní 1738. Àwọn ènìyàn yìn ín gidigidi, gíní 10 ni ó sì rí gbà lórí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni akéwì kan tí ń jẹ́ Richard Savage. Àwọn òru kan wà tí àwọn méjèèjì kò ní owó ilé tí wọn yóò sùn sí, tí wọ́n ń rìn káàkiri ìgboro títí ilẹ̀ á fi mọ́. Savage kú sí ẹ̀wọ̀n ní Bristol ní 1743. Kò jalè. Gbèsè ni ó gbé e débẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà gba olówó láàyè kí ó ju ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè sí ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ó wà lẹ́wọ̀n kò lè ṣiṣẹ́, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò lè san gbèsè, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn kì í jáde mọ́. Johnson kọ ìtàn ìgbésí ayé ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí, ó jáde ní 1744, wọ́n sì fún un ní gíní 15.

Ọdún mẹ́sàn-án lórí ìwé kan

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1746, àwọn òǹtàwé kan ní Lọ́ńdọ́nù parapọ̀, wọ́n bá Johnson ṣe àdéhùn pé kí ó kọ ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gíní 1,500 ni wọn yóò san, ìyẹn pọ́ùn 1,575. Owó ńlá ni lójú ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ fún gíní 5 rí. Ṣùgbọ́n inú owó yìí kan náà ni yóò ti san owó àwọn akọ̀wé mẹ́fà tí yóò ràn án lọ́wọ́, márùn-ún nínú wọn jẹ́ ará Scotland. Inú rẹ̀ ni yóò ti ra bébà. Inú rẹ̀ ni yóò ti san owó ilé ní Gough Square, níbi tí iṣẹ́ náà ti wáyé nínú yàrá òkè pátápátá.

Ó ṣèlérí pé ọdún mẹ́ta ni òun yóò fi parí rẹ̀. Ẹnìkan rán an létí pé ogójì ènìyàn ni ó wà nínú Académie française, ogójì ọdún ni wọ́n sì fi ṣe tiwọn. Johnson fi ìṣirò dá a lóhùn. Ó ní ogójì lọ́nà ogójì jẹ́ 1,600, nítorí náà bí mẹ́ta ti rí sí 1,600 ni ará Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe rí sí ará Faransé. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ọdún mẹ́ta di mẹ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ti ṣe iṣẹ́ náà, torí pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè ní ohun tí a lè rí kọ́ níbẹ̀. Kò jókòó kí ó máa ronú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ láti inú orí ara rẹ̀. Ó ń ka ìwé àwọn òǹkọ̀wé tí ó gbójú lé. Bí ó bá rí ọ̀rọ̀ tí a lò dáadáa, á fi lẹ́ẹ̀dì fàlà sábẹ́ rẹ̀, akọ̀wé á sì da gbólóhùn náà kọ sórí bébà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó àpẹẹrẹ jọ ni yóò tó wá to ìtumọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn ti lo ọ̀rọ̀ náà.

Ìyà kò jìnnà sí i ní gbogbo àkókò yìí. Ní 1747, ó kọ ètò iṣẹ́ náà sí ìjòyè kan, Lord Chesterfield. Ìjòyè náà fún un ní pọ́ùn 10, ó sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìwé jáde ni Chesterfield ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń yìn ín nínú ìwé ìròyìn. Johnson kọ lẹ́tà sí i ní oṣù Kejì 1755, ó sì kọ ìrànlọ́wọ́ tí ó dé lẹ́yìn ìgbà. Láti 1750 sí 1752, ó ń kọ àròkọ tí a ń pè ní The Rambler ní ẹ̀ẹ̀méjì lọ́sẹ̀, gíní 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Ní oṣù Kẹta 1752, ìyàwó rẹ̀ kú.

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 1755 ni ìwé náà jáde, ìdì méjì ńláńlá. Orí ọ̀rọ̀ 42,773 ni ó wà nínú rẹ̀, àpẹẹrẹ láti inú ìwé sì tó bí 114,000. Pọ́ùn 4 àti ṣílè 10 ni iye owó rẹ̀. Oxford, tí ó ti fi sílẹ̀ láìgba oyè nítorí àìlówó, fún un ní oyè kí ìwé náà tó jáde. Ṣùgbọ́n owó tí àwọn òǹtàwé bá a dá ti tán pátá kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìrù ọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé yìí ni Johnson ti sọ̀rọ̀ kan àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe onírù. Ó ṣàlàyé pé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀ kékeré sí ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe kí ìtumọ̀ rẹ̀ lè yí padà, àti pé ibẹ̀ ni ìṣòro tí ó tóbi jù wà fún àjèjì tí ń kọ́ èdè náà. Ó dárúkọ irú «set off» àti «come off». Ó ní òun ti fi ìṣọ́ra kó wọn jọ. Kò sọ pé òun kó gbogbo wọn tán, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹni tí ó bá mọ èyí tí òun kọ yóò lè fi í mọ èyí tí òun gbàgbé. Àwa gan-an ni ó ń bá sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ wá.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò kéré. Lórí «take» nìkan, àti èyí tí ó dá dúró àti èyí tí ó ní ìrù, ìtumọ̀ 134 ni ó to sílẹ̀. Ẹ wo «take up». «Take» ni kí a mú nǹkan, «up» ń tọ́ka sí òkè. Ta ni yóò rò pé bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ó lè di pé a yá owó elélèé tàbí pé a ra ọjà láwìn? Johnson kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo «lay», tí í ṣe kí a tẹ́ nǹkan sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti owó, «lay out» ni kí a ná an, «lay up» ni kí a kó o jọ, «lay by» ni kí a yà á sọ́tọ̀ de ọjọ́ iwájú. «Put out» ni kí olówó fi owó rẹ̀ síta kí ó máa mú èlé wá. «Call in» ni kí ó pe owó náà padà wálé.

Bí a bá to àwọn wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé ìrù kì í kàn ṣe bí ó ti wù ú. Níbi tí «out» bá wà, owó ń jáde. Níbi tí «in» bá wà, ó ń wọlé. Níbi tí «up» àti «by» bá tẹ̀lé «lay», owó wà níbi tí ọwọ́ kò ní í tètè kàn án. Èyí ni àfiwé tí Johnson ní kí a máa ṣe. Ó sì ní ibi tí àfiwé mọ, nítorí «take up» kò bá àwọn yòókù lọ. Èyí tí kò bá tẹ̀lé ọ̀nà, a gbọ́dọ̀ há a sórí. Èdè sì ń yí padà. Lónìí, ẹni tí ó gba owó yíyá ní báńkì, «take out» ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un, ìyẹn ni pé ó mú owó jáde.

Kí a má sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ń ṣe èyí. Bí mo bá ní mo yá owó lọ́wọ́ Àdùkẹ́, èmi ni onígbèsè. Bí mo bá ní mo yá Àdùkẹ́ lówó, Àdùkẹ́ ni onígbèsè. «Yá» kan náà ni mo lò. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó sọ ẹni tí yóò san án. A ń ná owó, a sì ń ná owó tán. A ń san gbèsè, a sì ń san gbèsè tán. «Tán» ń ṣe fún wa ohun tí «off» ń ṣe nínú «pay off». Ìyàtọ̀ wà, nítorí «tán» jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó lè dá dúró, àsínpọ̀ ni tiwa. A máa ń sọ pé owó tán. Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú «off» nìkan kí ó sọ pé gbèsè ti parí. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kì í ṣe àjèjì pátápátá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Faransé tí a fi kàwé ni ó mú wa rò pé ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ dá gbé gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀.

Àtìmọ́lé, ìsìnkú, àti owó ọba

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìtàn. Ní oṣù Kẹta 1756, tí ìwé ńlá náà kò tíì pé ọdún kan nígboro, wọ́n mú Johnson nítorí gbèsè pọ́ùn 5 àti ṣílè 18. Gbogbo ìlú ti mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ó kọ̀wé sí Samuel Richardson, òǹkọ̀wé tí ó tún jẹ́ òǹtẹ̀wé, ìyẹn sì fi gíní 6 ránṣẹ́ kíákíá. Bí kì í bá ṣe ti ọ̀rẹ́ yìí, ọ̀nà Savage ni ìbá gbà.

Kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Nínú àròkọ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ rẹ̀ tí ó ń jẹ́ The Idler, ó dojú kọ òfin ẹ̀wọ̀n gbèsè lẹ́ẹ̀mejì, ní 1758 àti ní 1759. Àlàyé rẹ̀ ni pé olówó tí ó yá ènìyàn lówó kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, èrè ni ó ń wá, nítorí náà bí owó bá wọ́, ọwọ́ òun náà kò mọ́. Kí ló wá dé tí ẹnìkan ṣoṣo yóò fi lọ sẹ́wọ̀n? Òfin yẹn dúró pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọdún 1869 ni ilé ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mú ẹ̀wọ̀n gbèsè kúrò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn.

Ní oṣù Kìíní 1759, ìyá rẹ̀ kú ní Lichfield, ẹni tí ó ti súnmọ́ 90 ọdún. Johnson kò ní owó ìsìnkú lọ́wọ́, gbèsè díẹ̀ sì wà tí ìyá fi sílẹ̀. Ó jókòó ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kọ ìtàn Rasselas, ọmọ ọba ilẹ̀ Etiópíà kan tí ń wá ibi tí ayọ̀ wà. Etiópíà tí ó ti bá pàdé nínú ìwé Lobo nígbà èwe ni ó padà wá ràn án lọ́wọ́. Pọ́ùn 100 ni wọ́n san fún un, wọ́n sì fi 25 kún un nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọdún yẹn náà ni ó kó kúrò ní Gough Square, kí ó lè dín ìnáwó kù.

Ní 1762, Ọba George Kẹta yọ̀ǹda pọ́ùn 300 fún un lọ́dọọdún. Ayọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ìtìjú díẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ti túmọ̀ irú owó báyìí sí owó tí ìjọba fi ń ra ènìyàn kí ó lè da ìlú rẹ̀. Ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ Joshua Reynolds, ayàwòrán, bóyá ó tọ́ kí òun gbà á. Wọ́n fi dá a lójú pé iṣẹ́ tí ó ti ṣe ni wọ́n ń san lẹ́san, kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán an. Ó gbà á. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi ìtumọ̀ yẹn ṣe é yẹ̀yẹ́ títí. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé, kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè wá kan ilẹ̀kùn òun.

Láti ìgbà náà, ebi kò pa á mọ́, ṣùgbọ́n owó náà kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé rẹ̀ kún fún àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò lọ: Anna Williams tí ojú rẹ̀ fọ́, Robert Levet tí ń ṣe ìwòsàn fún àwọn tálákà, àti àwọn mìíràn. Bí ó bá ń bọ̀ lálẹ́, a máa fi kọ́bọ̀ sí ọwọ́ àwọn ọmọ tí ó sùn sí ìta, kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ bí wọ́n bá jí. Nígbà tí onílé Oliver Goldsmith ní kí wọ́n mú un nítorí owó ilé, Johnson kọ́kọ́ fi gíní kan ránṣẹ́ sí i. Kí ó tó débẹ̀, Goldsmith ti fi gíní náà ra ọtí. Johnson dé ìgò náà pa, ó mú ìwé ìtàn tí Goldsmith ti kọ sílẹ̀, ó gbé e lọ fún òǹtàwé, ó sì tà á ní pọ́ùn 60. Ìwé yẹn ni The Vicar of Wakefield tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lónìí.

Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n dúnàádúrà fún ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn òǹtàwé ní kí ó dá iye tí yóò gbà láti kọ ìtàn àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì, gíní 200 ni ó pè. Àwọn òǹtàwé fúnra wọn ni wọ́n tún fi 100 kún un. Àmọ́ ní 1781, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Henry Thrale tí ó ní ilé iṣẹ́ ìpọntí kú, Johnson wà lára àwọn tí ó bójú tó títa ilé iṣẹ́ náà. Pọ́ùn 135,000 ni wọ́n tà á. Ó ń sáré kiri pẹ̀lú kálàmù bí ẹni pé òun ló ni ín.

Ogún tí ó fi sílẹ̀

Johnson kú ní Lọ́ńdọ́nù ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 1784. Wọ́n sin ín sí Westminster Abbey. Ta ni ó jogún rẹ̀? Kò ní ọmọ. Francis Barber, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí a bí sínú oko ẹrú ní Jàmáíkà, ti wá sí ilé rẹ̀ ní 1752, láìpẹ́ lẹ́yìn ikú ìyàwó. Johnson rán an lọ sí ilé-ìwé, ó sì fi ṣe ọmọ ilé. Òun ni ó pín ogún fún, pọ́ùn 70 lọ́dọọdún àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun ìní rẹ̀. Àwọn kan bínú sí i pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìránṣẹ́. Barber kó lọ sí Lichfield, ìlú tí a ti bí ọ̀gá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Johnson ti fẹ́.

Mo ti ṣèlérí pé a ó dé ọ̀dọ̀ Samuel Johnson tiwa. Sierra Leone ni a ti bí i ní 1846, Ọ̀yọ́ ni ó ti ṣiṣẹ́ àlùfáà, ó sì kú ní 1901. Ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n 1921 ni ó tó jáde, lẹ́yìn iṣẹ́ tí àbúrò rẹ̀ Obadiah ṣe lórí rẹ̀. Òun náà kò fojú fo ọ̀rọ̀ gbèsè. Ó kọ nípa ìwọ̀fà, ẹni tí ń sin olówó nítorí owó tí a yá. Ó sì kọ nípa dídógò, níbi tí olówó ti ń rán ẹnìkan lọ jókòó sí ilé onígbèsè títí wọn yóò fi wá owó náà. Gẹ̀ẹ́sì ń ti onígbèsè mọ́lé, tiwa ń mú ológò wá bá a nílé. Nínú èdè méjèèjì, ìyà gbèsè ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wa.

Ìdí rèé tí mo fi sọ ìtàn yìí. A kò lè kọ́ ọ̀rọ̀ owó láti inú tò-lẹ́sẹẹsẹ tí olùkọ́ kọ sójú pátákó nìkan. Johnson mọ ìyàtọ̀ láàárín owó tí ń jáde àti owó tí a yà sọ́tọ̀, nítorí pé ó ti mọ̀ ọ́n nínú àpò rẹ̀ kí ó tó wá a nínú ìwé. Bí a bá fẹ́ mọ Gẹ̀ẹ́sì owó, ẹ jẹ́ kí á ka lẹ́tà, ìwé ẹ̀rí ọjà àti ìwé àdéhùn, kí a sì máa fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ bí òun ti ṣe.

Ẹ má sì gbàgbé tilé. Ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́, àwọn ìyá wa lọ́jà ń dá àjọ, wọ́n ń kó àjọ, wọ́n ń tà láwìn, wọ́n ń sin gbèsè. Ọ̀nà tí ará Kétu ń gbà sọ ọ́ lè yàtọ̀ sí ti ará Ṣábẹ. Ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù wa mú ìwé àti kálàmù lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀, kí ó kọ ọ̀rọ̀ owó tí ó bá gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn tí ó ti gbọ́ ọ. Kí a kó wọn jọ sí ojú ìwé wa yìí. Kò sí ẹni tí yóò san gíní 1,500 fún wa, ṣùgbọ́n a kò ní láti yá owó kí a tó bẹ̀rẹ̀.